Ta ni ọ̀gá ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì?

Ìlú tó ní ilé ìwádìí nípa ọ̀gbìn tó Ìbàdàn kò pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. IITA, ilé ìwádìí àgbáyé nípa ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, ti wà lápá Mọníyà ní Akínyẹlé láti ọdún 1967, lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà. CRIN, tó ń ṣèwádìí kòkó, ti wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ láti 1964. NIHORT ní Ìdí-Iṣin ló ni ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́ láti 1975. FRIN ní Jẹ́ríkò ló ń rí sí igbó àti igi gẹdú. IAR&T wà ní Moor Plantation lọ́nà Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn òyìnbó ti dá oko àyẹ̀wò sílẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn. Ojú ilẹ̀ ló fa púpọ̀ nínú èyí. Igbó ló wà ní gúúsù Ìbàdàn, ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ béèyàn bá ti ń lọ sókè lápá Ọ̀yọ́, nítorí náà ẹni tó fẹ́ dán kòkó wò àti ẹni tó fẹ́ dán àgbàdo wò lè jọ máa gbé ìlú kan náà.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá wà ní ìlà oòrùn Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Nínú àwọn ilé ìwádìí tí mo dárúkọ yìí, kò sí èyí tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ wọn ti dé abúlé tipẹ́, nítorí pé irú ẹ̀gẹ́ tó ti oko àyẹ̀wò jáde ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn báyìí. Lápá ibẹ̀ náà ni omi tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń mu ti ń wá: ìsédò Aṣéjíre, tí wọ́n kọ́ sórí odò Ọ̀ṣun ní ìparí àwọn ọdún 1960, àti ilé iṣẹ́ omi tó wà ní Osegere. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọmọ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama ní Erunmu tàbí ní Ẹgbẹ́dá lè ka baọ́lọ́jì láti SS1 dé SS3 kó má fojú kan ẹni tó ń fi ìwádìí ṣiṣẹ́ jẹun rí.

Bí òbí kan níbẹ̀ bá fẹ́ kí ọmọ òun kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹ́káníìkì, ó mọ ohun tó máa ṣe. Á mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á jọ ṣàdéhùn iye ọdún, ọmọ á máa gbálẹ̀, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, á máa fọwọ́ kan iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí dọjọ́ tí wọ́n á ṣe fúríìdọ́mù fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní òun fẹ́ di onímọ̀ nípa kòkòrò tàbí nípa omi, ìwé la máa rà fún un, a ó sì san owó WAEC. A kì í wá ọ̀gá fún un. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni sáyẹ́ǹsì. Bí wọ́n ṣe ń ka kòkòrò lórí ewé, bí wọ́n ṣe ń yàgò fún àṣìṣe nígbà tí wọ́n bá ń wọn nǹkan, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àbájáde kan kò ṣeé gbára lé, ẹnu ìwé kò lè sọ wọ́n tán. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣe é lèèyàn ti ń rí i.

Ìjọba ti rí àlàfo yìí rí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n rí i fún. Ní 1971 ni wọ́n dá ITF, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Ní 1973 àjọ náà bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí IT. Àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn nígbà náà pé àwọn tó ń jáde ní yunifásítì àti pólì gbọ́ tíọ́rì àmọ́ ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Ètò náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé oṣù bíi mélòó kan níbi iṣẹ́, oṣù mẹ́fà fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Á máa kọ ohun tó bá ṣe lójoojúmọ́ sínú logbook, á máa ya àwòrán irinṣẹ́ tó bá lò síbẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ á sì wá yẹ̀ ẹ́ wò láti ilé ẹ̀kọ́. Ní 1978, owó ètò náà wúwo ju ohun tí ITF lè dá gbé lọ, ó sì yọwọ́. NUC tó ń rí sí yunifásítì àti NBTE tó ń rí sí pólì ló ń bójú tó o fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà sọ́wọ́ ITF ní 1985.

Ọ̀rọ̀ IT máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan sí òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá tó ń ṣàlàyé á jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tó lè fi ṣe ìwé àṣekágbá rẹ̀, nígbà míì pẹ̀lú ìpinnu nípa ohun tí yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ráyè á máa ṣe fọ́tókópì, á máa ra oúnjẹ ọ̀sán, á sì máa da ohun tí ẹlòmíì kọ kọ sínú logbook ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Orúkọ ètò kan náà ni wọ́n jọ jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń bèèrè pé ṣé IT wúlò, èmi máa ń bèèrè pé ta ni ọ̀gá náà.

Ohun tí ilé ìwádìí lè kọ́ ọmọ hàn nínú ọ̀kan lára iṣẹ́ tó gbayì jù tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan tí ìyẹ̀fun funfun bo ara rẹ̀ yọ lórí ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Kóńgò. Orí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló máa ń kó jọ sí, á fa omi ara rẹ̀ mu, ewé á ká kò, ìdàgbàsókè á dúró. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, ó ti dé Nàìjíríà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá sílẹ̀ wa, ibẹ̀ náà ni kòkòrò yìí ti wá, àmọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ kò bá a wá. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ọ̀tá kòkòrò náà kiri. Ní 1981 wọ́n rí kòkòrò ọ̀hún ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n tín-ń-tín kan pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí kì í ta èèyàn, tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà, tí ọmọ agbọ́n á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ agbọ́n náà wò ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìbàdàn. Ọdún 1981 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, nígbà tó yá wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú u láwọn ibòmíràn. Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, àgbẹ̀ kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ nínú ìtàn yìí ni bí iṣẹ́ náà ṣe rí lójoojúmọ́. Wọ́n ní láti máa gbin ẹ̀gẹ́ kí kòkòrò lè rí oúnjẹ jẹ, kí wọ́n máa sin kòkòrò kí agbọ́n lè rí ibi yé ẹyin sí, kí wọ́n sì máa sin agbọ́n. Wọ́n ní láti máa lọ sóko àgbẹ̀, kí wọ́n ka iye kòkòrò tó wà lórí ọ̀mùnú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú agbọ́n sílẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì tún padà lọ kà á. Nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti kọ́ṣẹ́, tí wọ́n padà lọ dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀ nílé. Ní 1988 IITA gbé ojúkò iṣẹ́ náà lọ sí Abomey-Calavi ní ilẹ̀ Benin. Ọmọ SS2 tó mọ òǹkà, tó ní sùúrù, tó sì ní awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi lọ́wọ́ lè ṣe iṣẹ́ kíkà yẹn lábẹ́ ọ̀gá. Kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ bí kò ṣe pé kò sẹ́ni tó ṣí géètì fún un.

Nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn tó bìkítà kò ṣàìgbìyànjú. STAN, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà, ti wà láti 1957. JETS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì, wà láwọn ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì tún ń mí láwọn ibì kan. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ohun èlò lábù ń gbé títí oṣù ìdánwò WAEC, nígbà náà ni ọmọ á kọ́kọ́ di bùrẹ́ẹ̀tì mú.

Àwòrán ni ibi tí àìsí ọ̀gá ti ń hàn jù. Nínú ìdánwò baọ́lọ́jì oníṣẹ́ ọwọ́, máàkì tó wà nídìí àwòrán kò kéré rárá. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń yà á, ìlà gbọ́dọ̀ dá ṣáká, kò gbọdọ̀ sí kíkùn láwọ̀ dúdú. Ó gbọ́dọ̀ tóbi dáadáa, kó ní àkọlé, kó ní iye ìgbà tí wọ́n mú un tóbi. Rúlà ni wọ́n fi ń fa ìlà tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì kò gbọdọ̀ gba orí ara wọn kọjá, wọn kì í sì í fi orí ọfà sí i. Ọmọ tó há àwòrán inú ìwé sórí á ya aáyán inú ìwé, nígbà tí aáyán tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ti ká lẹ́sẹ̀ kan. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń wá gan-an kò sí lọ́wọ́ rẹ̀: kéèyàn wo nǹkan, kó sì fi ohun tó rí hàn bó ṣe rí, kí ẹlòmíì tí kò sí níbẹ̀ lè gbà á gbọ́. Àwọn àgbà wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwòrán sáyẹ́ǹsì tó péye ló súnmọ́ àfojúbà jù nínú gbogbo ohun tí a lè fi ránṣẹ́.

Agbára àwòrán yìí ti ń hàn láwọn ibòmíràn. Ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan dá SAWBO sílẹ̀ láti máa ṣe fídíò àwòrán tó ń rìn nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà sínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi dongóyárò lé kòkòrò. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri, ohùn nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Yunifásítì Penn State àti IITA náà jọ ṣe Nuru, ètò orí fóònù tó ń wo ewé ẹ̀gẹ́ láti mọ àrùn tó ń ṣe é, kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò ewé tí àwọn onímọ̀ yà lóko ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ewé kí àrùn rẹ̀ hàn kedere ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí nìyẹn.

Èdè kò sì yẹ kó dí ọ̀nà. Béèyàn bá gba ọ̀nà tó kọjá ní Ẹgbẹ́dá lọ tààrà, á dé Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, pẹ̀lú owó Ford Foundation, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi jáde. Àyẹ̀wò fi hàn pé wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn rárá, wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́. Ó ń dùn mí pé ìtàn ni iṣẹ́ yẹn dà.

Ibi tí mo rò pé Ẹgbẹ́dá ti lè bẹ̀rẹ̀ ni ìsédò Aṣéjíre, pẹ̀lú ohun èlò tí kò wọ́n. Ní 1865, àlùfáà Kátólíìkì kan ní Ítálì, Angelo Secchi, tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, so abọ́ funfun pẹlẹbẹ mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú òkun, ó sì wọn ibi tí ojú kò ti rí i mọ́. Wọ́n ṣì ń lo ọgbọ́n yẹn káàkiri ayé láti mọ bí omi ṣe mọ́ tó. Páànù róbótó kan, ọ̀dà dúdú àti funfun, okùn tí wọ́n sàmì sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń bá òṣìṣẹ́ ilé omi lọ wọn omi Aṣéjíre báyìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń ya gíráàfù rẹ̀ sórí káádíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fojú ara wọn rí bí àgbàrá ṣe ń yí omi padà, wọ́n á sì mọ ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ Osegere fi ń fi kún álọ́ọ̀mù lóṣù kan ju òmíràn lọ.

Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò nínú èyí. Àjọ tó fún Herren ní ẹ̀bùn, tó fìdí sí ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ti ń rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lọ sáwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé láti 1998, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. IITA fúnra rẹ̀ ti dá ètò STEP sílẹ̀ láti mú iṣẹ́ àgbẹ̀ òde òní wọ ilé ẹ̀kọ́, Fáṣọlá Grammar School ní apá Ọ̀yọ́ sì wà lára àwọn tó jàǹfààní. Ó yẹ kí irú rẹ̀ dé Ẹgbẹ́dá, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn, ẹ gba ọmọ SS2 méjì péré ní ọlidé oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀, kí ẹ fi wọ́n sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ má dúró de ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ kọ lẹ́tà tiyín, kí ẹ sì fi àwòrán tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ yà há inú rẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ sì san owó ọkọ̀ wọn láti Ẹgbẹ́dá dé Mọníyà.