Orin tí kò yé ẹnikẹ́ni, òun ni FBI ń ṣèwádìí!

Owó táṣẹ́rẹ́, tí kò tó ọgọ́ta dọ́là, ni àwọn ọmọ Kingsmen ná nígbà tí wọ́n lọ gbohùn sílẹ̀ ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, lóṣù kẹrin ọdún 1963. "Louie Louie" lorúkọ orin ọ̀hún. Wọn ò mọ̀ pé wàhálà làwọn ń fowó rà.

Orin náà kì í ṣe tiwọn. Richard Berry, ọmọ adúláwọ̀ kan ní Los Angeles, ló ṣe é, tó gbé e jáde ní 1957. Kò sí ìsọkúsọ kankan níbẹ̀ o! Atukọ̀ kan ló ń ròyìn ọmọge rẹ̀ tó wà ní Jàmáíkà fún ọlọ́tí. Nígbà tí Berry fẹ́ gbéyàwó, ó ta ẹ̀tọ́ orin náà ní 750 dọ́là.

Jack Ely ló kọ ọ́ fún Kingsmen. Máìkì wà lókè réré, ó ń na ọrùn kó tó lè kígbe sí i. Wáyà tí wọ́n fi ń to eyín tún wà lẹ́nu rẹ̀, ìlù sì bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ta gìtá tán, ó kánjú wọlé, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ipò kejì l'Amẹ́ríkà kọ́dún ó tó parí.

Àwọn ọmọ iléèwé tí ò gbọ́ ohun tó ń wí wá ń fi tiwọn dí i. Wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rírùn sórí bébà, wọ́n ń pín in kiri pé orin náà nìyẹn. Ní 1964, Matthew Welsh, gómìnà Indiana, ní kí àwọn iléeṣẹ́ rédíò má lù ú mọ́. Òbí kan kọ̀wé sí Robert Kennedy, mínísítà ètò ìdájọ́. Làwọn FBI bá dé! Wọ́n mú eré àwo náà yá, wọ́n dín in kù, wọ́n tẹ́tí bí ajá ọdẹ. Pàbó! Wọ́n ní bó ti wù kéèyàn yí i, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò ṣeé gbọ́. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé wọ́n ní onílù, Lynn Easton, ṣèèṣì já igi ìlù sílẹ̀, tó sì bú èébú gidi kan jáde lábẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú ìwé FBI rárá.

Ely ò tiẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ mọ́ nígbà tí orin náà ń ta wàràwàrà. Easton ló ní òun fẹ́ máa kọrin, òun náà ló sì ni orúkọ ẹgbẹ́ lábẹ́ òfin. Ni Ely bá bínú lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Easton ló ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ohùn Ely ló ń jáde.

Berry ńkọ́? Ilé ìyá rẹ̀ ló padà sí, owó ìrànwọ́ ìjọba ló ń jẹ. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni agbẹjọ́rò bá a jà, tó sì rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Ó di olówó tán kó tó kú ní 1997.