Iṣu Èṣí Tàbí Iṣu Tuntun: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Pààrọ̀ Káàdì Gíráfíìsì?

Gbogbo wa la mọ bí ọjà iṣu ṣe máa ń rí nígbà tí iṣu tuntun bá ku díẹ̀ kó jáde. Iṣu èṣí ti ń tán lọ, èyí tó kù lórí àtẹ ti gbówó lórí, àwọn kan sì ń sọ ọ́ kiri pé tuntun ti ń wú lóko. Ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ wọjà á dúró, á máa rò ó: ṣé kí n ra èyí tí ojú mi rí yìí, àbí kí n fi gààrí tan àwọn ọmọ títí tuntun á fi dé? Ìrònú yìí náà ló ń bá ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ káàdì gíráfíìsì inú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kí ni káàdì yìí ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká padà sóko iṣu. Ojú kọ̀ǹpútà ni oko tí a fẹ́ kọ ebè sí, àmì kékeré aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ni ebè. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ní irú àmì bẹ́ẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì, géèmù tó ń lọ geere sì ń fẹ́ ká tún gbogbo wọn kọ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. CPU tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí ọ̀jáfáfá àgbẹ̀ kan tó mọ gbogbo iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò lè ká irú oko yẹn. Káàdì gíráfíìsì ni ọ̀wẹ̀ tó bẹ̀. Káàdì RTX 3080 tí ilé iṣẹ́ Nvidia gbé jáde lọ́dún 2020 ní òṣìṣẹ́ kéékèèké 8,704 tí wọ́n jọ ń kọ ebè lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́mọ́rì orí káàdì ni ààyè tí àwọn ọlọ́wẹ̀ dúró sí: bí ààyè bá há, agbára wọn ò lè hàn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe géèmù, àwọn tó ń gé fídíò àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní làákàyè fi ń wá káàdì lójú méjèèjì.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ariwo iṣu tuntun ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, dúró sí ilé ìdáná rẹ̀, ó sì kéde RTX 3070 ní dọ́là 499. Ó ní ó yára ju RTX 2080 Ti, káàdì èṣí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi dọ́là tó lé ní 1,000 rà. Àyà àwọn tó ní iṣu èṣí já. Àwọn kan sáré ta RTX 2080 Ti wọn ní nǹkan bíi dọ́là 500. Àmọ́ iṣu tuntun kò kún ọjà. RTX 3080 dórí àtẹ ní ọjọ́ 17 oṣù náà ní dọ́là 699, ó sì tán lójú ẹsẹ̀. Àwọn aláròóbọ̀ kó o, wọ́n sì ń tà á ní ìlọ́po méjì. Àrùn Kòrónà ti sé èèyàn mọ́lé, àwọn tó ń fi káàdì wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Ethereum náà sì ń rà á ní ràbàtà. Ẹni tó ti ta tirẹ̀ kò ní èṣí mọ́, kò sì rí tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró náà máa ń jèrè nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum jáwọ́ nínú fífi káàdì wa owó, àlòkù káàdì sì ya wọ ọjà. Ìyípadà yìí kì í ṣe àhesọ: àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ti kéde ṣáájú pé oṣù yẹn ni. Gbígbọ́ pé iṣu ń wú lóko yàtọ̀ sí kí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ dá ọjọ́ tó máa wà á.

Ẹ sì mọ̀ pé iṣu tó kọ́kọ́ jáde kì í gún dáadáa nínú odó, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lóṣù Kìíní ọdún 2025, RTX 5090 jáde ní dọ́là 1,999. Kò pẹ́ tó tán lórí àtẹ, àwọn mìíràn sì ń tà á ju iye yẹn lọ dáadáa. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Nvidia jẹ́wọ́ pé díẹ̀ lára àwọn káàdì tuntun náà jáde láìpé ẹ̀yà ara, ó sì ní kí ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ kàn sí ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà kí wọ́n lè bá a pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ onílàákàyè ń ra mẹ́mọ́rì débi pé owó rẹ̀ fò sókè. Nítorí náà, kò dájú pé ohun tí a ò rà lónìí á dín owó lọ́la.

Bí mo ṣe ń díwọ̀n rẹ̀ rèé. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílé. Bí káàdì tó wà lọ́wọ́ bá ń ṣe iṣẹ́ yín, ẹ rántí pé bí iṣu ẹni bá ta, à fọwọ́ bò ó jẹ. Ẹ má jẹ́ kí àhesọ ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ yín lẹ́nu. Bí iṣẹ́ bá ti ń dúró, tí oníbàárà sì ń bínú, ẹ ra èyí tó wà lórí àtẹ, bó bá jẹ́ iye tí olùṣe kọ sí i ni wọ́n ń tà á. Bí olùṣe bá ti dárúkọ ọjọ́ àti owó, tí ọjọ́ náà kò sì jìnnà, ẹ lè dúró. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò bóyá iná inú kọ̀ǹpútà yín á gbé e: RTX 5090 lè fa wáàtì 575, ẹrù ńlá ni èyí fún ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀.

Èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín jù ni pé kí ẹ má ṣe ta káàdì ọwọ́ yín kí tuntun tó wọlé, kó sì ṣiṣẹ́.