Ìgbóná Àṣẹ́kù ní Svartsengi

Díẹ̀ ni ó ń di iná mànàmáná nínú ìgbóná tí àwọn ibùdó amúnáwá ń fà jáde láti abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé, ní ìpíndọ́gba káàkiri àgbáyé, ìpín 12 nínú 100 ni ó ń wúlò bẹ́ẹ̀, tí ìyókù sì ń bá oru àti omi tí ẹ̀rọ ti lò lọ.

Ní Svartsengi, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Áísílándì, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976, omi inú àpáta gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 240 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi òkun ti dà pọ̀ mọ́ ọn, kò sì ṣeé tú tààrà sínú páìpù ilé ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìgbóná rẹ̀ mú omi tútù tó mọ́ gbóná, tí àwọn ìlú agbègbè náà ń fi lé òtútù kúrò nínú ilé. Ọ̀nà yìí ni ó sì pegedé jù, nítorí pé ìgbóná tí a lò gẹ́gẹ́ bí ìgbóná kì í pàdánù ohun tí ìsọdiná ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn tọ́báìnì ibẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí oru ń yí kí iná lè wá, ń tú oru tó ju ìwọ̀n 100 díẹ̀ dànù sójú ọ̀run tẹ́lẹ̀. Ní 1989 àti 1993 ni wọ́n fi ẹ̀rọ méje kún un, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1.2, kí oru àtúdànù yìí lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Oru náà kò ní ipá púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú isopentane hó, èyí tí í ṣe èròjà olómi tó ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 28 péré, tí ara ènìyàn pàápàá gbóná jù ú lọ. Oru isopentane ni ó ń yí tọ́báìnì kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un tutù padà di olómi, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ nínú páìpù tí kò ní ojú ìta.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé kí wọ́n kúkú fa ìgbóná inú omi abẹ́ ilẹ̀ náà tán pátápátá, ṣùgbọ́n sílíkà, èròjà tó wà nínú yanrìn àti gíláàsì, kò gbà bẹ́ẹ̀: ó ń yòrò nínú omi gbígbóná, bí omi bá sì ti tutù jù, yóò dì, yóò sì dí páìpù àti kànga tí wọ́n ń gbà dá omi padà sínú ilẹ̀. Sílíkà yìí kan náà ni ó dí ihò àpáta níbi tí wọ́n ń da omi àlòkù ibùdó náà sí, tí adágún fi dúró níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ nínú rẹ̀. Òun ni Blue Lagoon, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń sanwó wọ̀ lónìí.