Ṣíṣẹ́ Owó Lọ sí Kútọnu

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń lọ sí Kútọnu àti Lomé, ó ní òun á kọ́kọ́ fi náírà ra dọ́là. Mo ní kó dúró ná. Ẹ ṣáà wo ọ̀rọ̀ tí à ń lò: a ń ṣẹ́ igi, a ń ṣẹ́ owó. Igi kì í ṣẹ́ kí èérún má bọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ náírà sí dọ́là, ẹni tó bá yín ṣẹ́ ẹ ti jẹ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún ṣẹ́ dọ́là sí sẹ́fà, ẹlòmíì á jẹ. Ẹ kúkú fi náírà gba sẹ́fà tààrà.

Bó bá jẹ́ Yúrò lẹ ní nílé, ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n so sẹ́fà mọ́ Yúrò: láti 1999, sẹ́fà 655.957 ni Yúrò kan. Ẹni tó bá fún yín ní 600, ẹ ti mọ iye tó bù. Dọ́là ò nírú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Owó kan náà ni Benin àti Tógò ń ná, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ́ nǹkan kan ní ẹnubodè Hillacondji. Ti Kamẹrúùnù náà ń jẹ́ sẹ́fà, iye wọn dọ́gba, àmọ́ ọlọ́jà Kútọnu ò ní gbà á. Orúkọ kan, owó méjì. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní sẹ̀máńtíìkì mọ irú ẹ̀. Ní Sèmè, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń ṣẹ́ owó, ẹ wò ó bóyá BCEAO ni wọ́n kọ sára bébà náà.