Ẹrù Òfìfo Kò Wúwo

Àwa ará Kìṣí mọ̀ pé igbó ńlá tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1991 ni Ìjọba Àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹfọ̀n àti ọ̀bọ ń gbé inú rẹ̀. Odò Ògùn sì ń gba ibẹ̀ ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta, títí yóò fi wọ ọ̀sà Èkó.

Nígbà tí a bá lọ wo irú ibẹ̀, kí ni a ń fi sílẹ̀? Ewé tí àwọn baba wa fi ń di ẹ̀kọ a máa jẹrà, a sì di ilẹ̀dú. Ọ̀rá omi tí à ń mu tán tí a sì ń sọ nù kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ-ọmọ wa lè bá a nílẹ̀. Bí ẹranko bá gbé e mì, ó lè dí ìfun rẹ̀, kí ó sì pa á. Òjò a sì gbá ìyókù sínú odò, fún àwọn tí ń pọn omi nísàlẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé, “Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó ni láti ṣà á.” Ẹ̀ṣọ́ mélòó ni yóò ṣa ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń di oúnjẹ fún ọmọ tí ń bá ẹgbẹ́ lọ ìrìn àjò, ẹ fi àpò òfìfo kan sí i. Ọ̀rá tí ó gbé omi lọ wúwo. Nígbà tí omi bá tán, ọmọdé pàápàá lè gbé e padà wálé.