Mọ́tò Sípọ́ọ̀tì Ayé Àtijọ́: Ìmọ̀ Àtúnṣe Rẹ̀ Kò Jìnnà sí Ọ̀rẹ̀

Ìlú mọ́tò ni Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó ti Èkó àti Ṣàgámù lọ sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó já sí i lápá kan, ọ̀nà Okitipupa já sí i lápá kejì. Tírélà, bọ́ọ̀sì, táńkà epo, ọkọ̀ tó kó gẹdú àti èyí tó kó èso ọ̀pẹ, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀. Ibi tí mọ́tò bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì, fọkanáísà, rẹ́wáyà àti panẹbítà kò lè ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbó yìí fi yẹ ní ibi tí a ti lè wádìí ọ̀rọ̀ kan tó dà bíi pé kò kàn án rárá: bí mọ́tò sípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì di sípánà mú rí, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kó wá òyìnbó kan tó mọṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ná.

MGB ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ilé iṣẹ́ MG ti ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ló ṣe é. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, oṣù kẹwàá ọdún 1980 ni wọ́n ṣíwọ́, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ènìyàn méjì ló ń gbà dáadáa, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ó kéré, ó sì yá nílẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n dìídì ro ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún eré sísá ni. Rárá o. Ìdílé kan náà ni ẹ́ńjìnnì 1,798 cc yẹn àti èyí tó wà nínú Morris Oxford, mọ́tò àwọn olórí ẹbí àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ti wá. Bákan náà ni ẹ́ńjìnnì MG Midget àti Austin-Healey Sprite, àwọn àbúrò MGB, ṣe jẹ́ ìbátan èyí tó wà nínú Morris Minor. Ilé iṣẹ́ British Motor Corporation ló ni gbogbo wọn. Wọn kò fẹ́ náwó ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n kàn mú ẹ́ńjìnnì tó ti wà nílẹ̀, wọ́n fún un ní kábúrétọ̀ méjì, wọ́n sì gbé e sínú àgọ́ tó rẹwà.

Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ wa rántí Morris Minor dáadáa. Ó ṣe táksí ní Èkó àti Ìbàdàn, ó gbé olùkọ́ àti àlùfáà kiri ìgbèríko. Mẹkáníìkì Yorùbá tó ń tú u palẹ̀ lábẹ́ igi nígbà náà mọ inú mọ́tò sípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìtíì fojú rí ọ̀kan rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle ní Èkó lọ́dún 1975, tí Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná lọ́dún kan náà, orúkọ ara mọ́tò yí padà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò yí: kábúrétọ̀, kọ́ńtáàtì, kọ́ì, púlọ́ọ̀gì. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó fi Peugeot 504 gba fírídọ́ọ̀mù mọ ohun tó ju ìlàjì iṣẹ́ MGB lọ.

Mọ́tò tòkunbọ̀ ló gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo mọ́tò tuntun níbẹ̀ ní ojú ihò kan náà tí a ó ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀, kí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló kún ọ̀nà Bìní lónìí. Ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà sídìí rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n kò sí ihò kankan lára MGB. Etí, imú, ọwọ́ àti ìrònú ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi John Haynes ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì yìí wà nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú ní Aden, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tún Sprite àlòkù ṣe. Ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kò ran aláìmọ̀kan lọ́wọ́. Ni Haynes bá ń tú mọ́tò náà, ó ń ya fọ́tò. Ó ń tò ó padà, ó tún ń ya fọ́tò. Lọ́dún 1966 ló tẹ ìwé àtúnṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, lórí Sprite yẹn gan-an. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹ̀dà tó kọ́kọ́ tẹ̀ tà tán láàárín oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń fi ìwé Haynes tún mọ́tò wọn ṣe nílé. Ohun tó ṣe kò le: kò tú nǹkan kan láìya àwòrán rẹ̀. Fóònù tó wà lápò olúkúlùkù ní Ọ̀rẹ̀ lónìí lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Iná ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló gbé irú ètò iná yìí jáde ní nǹkan bí ọdún 1910, kò sì yí padà púpọ̀ títí di ìgbà MGB. Bátìrì ń fún kọ́ì ní iná fóòtì 12. Nínú dísítíríbútọ̀, irin kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì ń pàdé, wọ́n sì ń pínyà. Bí wọ́n bá ti pínyà báyìí, iná inú kọ́ì á já lójijì, jíjá yẹn á sì sọ fóòtì 12 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, èyí tí yóò fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, tí yóò sì ṣáná sí bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan nílò ìṣáná 6,000 láàárín ìṣẹ́jú náà, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn irin kékeré méjì yìí ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Abájọ tí ẹnu wọn fi ń jó. Tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, kó wo ẹnu kọ́ńtáàtì dáadáa: bí ó bá ti dúdú, tí ọ̀kan yọ góńgó tí èkejì sì jin kòtò, ó ti tó pààrọ̀. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá ṣí tán kò ju 0.35 sí 0.40 mílímítà lọ, géèjì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo bá fún jù, ẹ́ńjìnnì á máa húkọ́. Bí ó bá fẹ̀ jù, agbára á dín kù nígbà eré. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ mọ̀ ọ́n wò láìlo géèjì, àmọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má dán ìyẹn wò.

Rẹ́wáyà gbọ́dọ̀ mọ ohun kan kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Àwọn MGB tó jáde kí ọdún 1967 tó parí, ẹsẹ̀ rere bátìrì wọn, èyí tó ní àmì àròpọ̀, ló so mọ́ ara mọ́tò, kì í ṣe ẹsẹ̀ òdì bíi ti mọ́tò òde òní. Ẹni tó bá so rédíò tuntun mọ́ ọn bó ṣe mọ̀ ọ́n so lójoojúmọ́ á jó o. Bátìrì fóòtì 6 méjì ni wọ́n sì fi pamọ́ sẹ́yìn àga títí di ọdún 1974, ẹni tí kò mọ̀ á wá bátìrì títí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kábúrétọ̀ SU ló dùn ún ṣàlàyé jù. Ìdílé Skinner, tí wọ́n ń ta bàtà nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ló pilẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Awọ ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ohun tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fa afẹ́fẹ́, písítìnì kan nínú kábúrétọ̀ á gòkè. Abẹ́rẹ́ kan rọ̀ mọ́ ìdí písítìnì yìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó nípọn lókè, ó sì ki ẹnu bọ ihò epo. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń gòkè ni àyè epo ń fẹ̀ sí i. Nípa báyìí, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń wọn epo tó tó o.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn. Wọ́n á yí ìdérí kékeré tó wà lórí rẹ̀ kúrò, wọ́n á fa ọ̀pá tó wà nínú rẹ̀ yọ, wọ́n á sì da ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Ọ́ìlì yìí ni kì í jẹ́ kí písítìnì fò sókè jù nígbà tí wọ́n bá tẹ iná lójijì. Tó bá gbẹ, mọ́tò á máa húkọ́ bó bá ti fẹ́ sáré. Kí wọ́n tó dá ọ̀pá náà padà, kí wọ́n fi ìka gbé písítìnì sókè, kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀: ó yẹ kó dún kọ̀ nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá dún, ìdọ̀tí ti há sí i. Ní ti kábúrétọ̀ méjì, wọ́n gbọ́dọ̀ mu afẹ́fẹ́ bákan náà. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sétí, wọ́n á fi orí kejì sí ẹnu kábúrétọ̀ kìíní, lẹ́yìn náà èkejì, wọ́n á sì máa yí ìdè wọn títí ìró méjèèjì yóò fi dọ́gba. Etí tó gbọ́ ìyàtọ̀ ìlù dáadáa kò ní pẹ́ mọ èyí.

Bẹntiróòlù gan-an ti yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe mọ́tò náà tán. Lọ́dún 1921, Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Kettering yẹn kan náà, rí i pé tí wọ́n bá fi èròjà òjé sínú bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kan bí òòlù mọ́. Òjé náà sì ń bo ẹnu fáàfù, kò jẹ́ kí ó tètè jẹ. Ṣùgbọ́n májèlé ni, ọpọlọ àwọn ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà fẹnu kò ní Dakar láti yọ ọ́ kúrò, nígbà tí ọdún 2006 sì wọlé, ó ti kúrò nínú epo wọn. Algeria ló ṣíwọ́ kẹ́yìn láyé, ní ọdún 2021. Ìpinnu tó dára gbáà ni, àǹfààní rẹ̀ kò sì kéré fún ọmọ tó ń kiri ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ọ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún ẹni tó ni MGB ni pé kó máa wọn àlàfo fáàfù, tó yẹ kó wà ní 0.38 mílímítà. Bí ti fáàfù tó ń tú èéfín jáde bá ń fún sí i lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, ìjókòó rẹ̀ ti ń jẹ nìyẹn, kó gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún ẹni tó lè fi irin líle pààrọ̀ rẹ̀.

Bíréèkì kò gba àfara. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ igbó kìjikìji Òdìgbó sì kún fún omi. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, bó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí omi inú rẹ̀ bá ti tó bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè hó ní 155. Ọ́ìlì tó bá hó á di èéfín, ẹsẹ̀ á sì wọlẹ̀ lásán lójú ọ̀nà tí tírélà wà níwájú, tí tírélà wà lẹ́yìn. Kí wọ́n dà á nù pátápátá, kí wọ́n sì da tuntun sí i lọ́dún méjì-méjì. Òun ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó dún rárá.

Ìpáàrà ni ọ̀tá tó burú jù. MGB kò ní ṣẹ́sì lọ́tọ̀. Àpótí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì ló gbà á dúró, pàápàá nítorí pé kò ní òrùlé irin. Omi òjò ń wọ inú àpótí yìí, ó ń dógùn-ún láti inú, ọ̀dà òde sì lè máa dán síbẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò díẹ̀, kí wọ́n sì gbìyànjú láti pa á dé. Bí ilẹ̀kùn bá há, mọ́tò ti ń tẹ̀ láàárín. Kí wẹ́dà má ṣe gé e láìkọ́kọ́ fi irin de ojú ilẹ̀kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á wọ́. Agbábù, níbi tí bítúmẹ́ẹ̀nì wà nínú ilẹ̀, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà, ohun dúdú bíi tirẹ̀ sì ni wọ́n ń kùn sábẹ́ mọ́tò láti lé omi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kùn ún bo ìpáàrà. Omi ni wọn yóò tì mọ́lé.

Ti pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sí mọ́ kì í ṣòótọ́. Láti ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ odindi ara MGB tuntun jáde. Ọwọ́ ìdarí ló yẹ kí a máa ronú sí: láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì. Ẹni tó bá jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú mọ́tò tó rẹlẹ̀ báyẹn kò lè rí iwájú tírélà kó tó yọrí. Kó yẹra fún ọ̀nà Bìní; ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Òdìgbó, ní àárọ̀ kùtùkùtù, sàn fún un.

Àwọn tó mọ Morris Minor ti dàgbà gan-an báyìí, àwọn tó mọ Beetle àti 504 náà ti ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ. Àdánù ńlá ni yóò jẹ́ bí ìmọ̀ wọn bá bá wọn lọ láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tó yà á ní fọ́tò bíi ti Haynes. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, wà káàkiri Nàìjíríà. Ó yẹ kí wọ́n ní kí irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tún kọ́ńtáàtì ṣe àti bí wọ́n ṣe ń fi etí dọ́gba kábúrétọ̀, kí wọ́n sì san owó fún wọn. Kò dìgbà tí wọ́n bá rí MGB. Ẹ́ńjìnnì 504 kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí igi, tí kábúrétọ̀ àti dísítíríbútọ̀ rẹ̀ ṣì pé, tó fún ẹ̀kọ́ náà.