Òkè Kilimanjaro: Èsì Ìwé Ìyá Kan

Ìyá kan níhìn-ín ní Effurun kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù sọ fún un lórí tẹlifóònù pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ lọ gun òkè Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania, kí wọn lè fi kó owó jọ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ìyá náà wá bi wá léèrè pé: òkè tí yìnyín wà lórí rẹ̀, ṣé ẹni tí ó ní ìyá láyé ni ó yẹ kí ó máa gùn ún?

A kò fi ìbéèrè náà rẹ́rìn-ín, nítorí òkè náà a máa pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n òtútù tí ìyá wa ń bẹ̀rù kọ́ ni ó léwu jù níbẹ̀.

Ilẹ̀ wa ní Effurun fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkè gidi láti ìhín, àfi kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdànrè. Chappal Waddi, tí ó ga jù ní Nàìjíríà, jẹ́ mítà 2,419. Òkè Cameroon lé díẹ̀ ní mítà 4,000. Kilimanjaro jẹ́ mítà 5,895, kò sì sí èyí tí ó ga tó o ní gbogbo Áfíríkà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1848, Johannes Rebmann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán lọ sí Ìlà-oòrùn Áfíríkà, rí ohun funfun kan lórí òkè náà. (Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó rán Crowther wá sí Abẹ́òkúta ní 1846.) Orúkọ kan ṣoṣo tí amọ̀nà rẹ̀ mọ̀ fún ohun funfun náà ni “òtútù”. Nígbà tí ìròyìn Rebmann dé Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀mọ̀wé kan, Desborough Cooley, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí, sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: òjò dídì kò lè wà níbi tí oòrùn ti ń mú tó bẹ́ẹ̀. Amọ̀nà ni ó jàre. Bí a bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, ó tó ìwọ̀n 6 fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Òjò dídì tí ó bọ́ sórí òkè yìí lọ́dọọdún ń wúwo lé ara rẹ̀, títí ó fi di yìnyín líle tí ó ga ju ilé lọ.

Afẹ́fẹ́ gan-an ni kí a bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Ní ìsàlẹ̀ níhìn-ín, gbogbo èyí tí ó wà lókè ni ó ń tẹ èyí tí à ń mí mọ́lẹ̀, ó sì kí. Ní góńgó Kilimanjaro, ìdajì rẹ̀ péré ni ó kù. Èémí kan níbẹ̀ kò ju ààbọ̀ èémí Effurun lọ. Ìdí nìyí tí wọn fi ń fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú tí a sì ń tì í pa. Ara lè kọ́ bí yóò ti fara da a, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ ni ó ń gbà á. Ẹni tí ó bá sáré, orí yóò fọ́ ọ, èébì yóò gbé e. Bí ó bá tún fi agídí gòkè sí i, omi lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ wú, kí ó máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Láàárín ọjọ́ kan ó lè kú. Kí a tètè gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ alágbára ni ó sì sábà máa ń kó sí i, nítorí ẹsẹ̀ wọn yá ju ẹ̀jẹ̀ wọn lọ.

Ẹ wo Hans Meyer, ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ dé góńgó náà. Ní 1887, yìnyín dá a padà. Ní 1888, ogun ká a mọ́ ọ̀nà, wọ́n sì mú un ní ìgbèkùn. Ní 1889 ó padà wá pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ará Austria. Lọ́tẹ̀ yìí ó pa àgọ́ sí ojú ọ̀nà, àwọn alágbàárù sì ń gbé oúnjẹ gòkè wá, tí kò fi ní láti máa sáré nítorí ebi. Mwini Amani, ará Pangani, dúró tì wọ́n ní àgọ́ òkè nínú òtútù náà. Bí a bá ń ka àwọn tí ó gun òkè yìí, àwa kò rí ìdí tí a ó fi yọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi àáké gé àtẹ̀gùn sára yìnyín títí wọ́n fi dé etí góńgó. Ó rẹ̀ wọ́n, ọjọ́ sì ti lọ. Wọ́n padà. Ní ọjọ́ 6, wọ́n tún gòkè, wọ́n sì dé ibẹ̀.

Ọmọ yín kò ní gé yìnyín, ìyá wa. Láti 1912 títí di 2011, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín náà ti yọ́ dànù, àjọ UNESCO sì sọ ní 2022 pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó di 2050. Lórí eérú àti òkúta ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lónìí wà. Ẹ̀gbẹ́ ni wọn ti ń wo yìnyín.

Nígbà tí ó bá tún pè yín, ẹ bi í nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dán an wò rárá. AS pàápàá, tí a kì í kà sí àìsàn nílé, lè fa ìrora ńlá lábẹ́ ìhà òsì ní ibi gíga bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọn yóò lò. Bí ó bá ní méje tàbí mẹ́jọ, ẹ súre fún un. Bí ó bá ní márùn-ún, ẹ sọ fún un pé kí ó wá owó ọjọ́ méjì kún un.